Sims 2 lórí Debian: bí mo ṣe gbé ìlú àbúrò mi padà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, torí ìdí yẹn ló pinnu gbogbo bí mo ṣe ṣe é. Ó ti pẹ́ gan-an tí àbúrò mi obìnrin ti ń gbá The Sims 2, géèmù kọ̀ǹpútà téèyàn ti ń darí ìgbésí ayé àwọn ìdílé (Sim là ń pe àwọn èèyàn inú ẹ̀), ìlú kan ṣoṣo ló sì ń gbá nínú ẹ̀, Pleasantview, kò tún un bẹ̀rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ìdílé Goth nìkan ti dé ìran keje lọ́wọ́ ẹ̀. Cassandra tí géèmù fún ní Don Lothario bí àfẹ́sọ́nà, Darren Dreamer ló padà fẹ́ nínú tiẹ̀, Alexander ti dàgbà, ó ti darúgbó, ó ti kú, sàréè ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, àbúrò mi sì mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ mọ̀lẹ́bí. Bí Windows tó wà lórí láàptọ́ọ̀pù ẹ̀ ṣe kú lọ́jọ́ kan nìyẹn, háàdì dísíìkì ló bàjẹ́, mo bá fi SSD sí i, mo fi Debian 12, irú Linux kan tó ń rọ́pò Windows, sórí ẹ̀ torí ẹ̀rọ náà ti dàgbà, Windows tuntun máa ni ín lára. Kò bá mi jiyàn, ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ lórí ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bọ̀ọ̀dá mi, Sims mi ńkọ́?"

Ohun tó mú un le ni pé Sims 2 ò mọ Linux rí. Windows ni wọ́n ṣe é fún ní September 2004, wọ́n wá ṣe ti Mac lẹ́yìn náà, ti Linux ò sí rárá, páàkì (ìyẹn àfikún géèmù) tó sì kẹ́yìn nínú ẹ̀, Mansion & Garden Stuff, November 2008 ló jáde. Géèmù náà ń bá DirectX 9, èdè tí Windows fi ń ya àwòrán géèmù, sọ̀rọ̀, Linux ò gbọ́ èdè yẹn. Ètò kan tó ń jẹ́ Wine ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, ẹ má rò pé Windows kékeré kan ló fara pamọ́ sínú Linux o, ohun tó ń ṣe ni pé gbogbo ìgbà tí géèmù bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Windows, Wine á gba ìbéèrè yẹn, á yí i sí ohun tí Linux mọ̀, á sì dá èsì padà fún un. Láti 1993 ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Kódà Sims àkọ́kọ́ ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí, ní 2001 Mandrake gbé Linux kan jáde tí wọ́n pè ní Gaming Edition, The Sims wà nínú ẹ̀, WineX tí TransGaming ṣe látara Wine ló sì ń gbé e rìn. Torí náà mo mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Ẹ̀rọ náà rèé: Core i5 ìran kẹrin, Intel HD 4400 tó wà nínú ẹ̀ náà ni káàdì gíráfíìkì, RAM 8GB, sikíríìnì 1366x768. Géèmù náà ni Ultimate Collection, èyí tí gbogbo páàkì wà nínú ẹ̀ àfi ti IKEA.

Ọjọ́ kìíní

Mo yọ háàdì dísíìkì àtijọ́ yẹn sínú kéèsì USB. Debian gbà láti ṣí i ṣùgbọ́n fún kíkà nìkan, bí mo sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sórí ẹ̀ mọ́. Fódà géèmù wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀, mo kọ́ọ̀pì ẹ̀ láì sí wàhálà. Ibi tí Documents wà ni àyà mi já sí, ibẹ̀ gan-an ni dísíìkì ti jẹrà, fáìlì ò ṣe é kà, àwọn kan ń jáde ní ìdajì. Inú Documents yẹn sì ni Sims 2 máa ń tọ́jú ìlú sí. Ohun tó yọ wá ni pé àbúrò mi ti zip gbogbo fódà yẹn sórí fúláàṣì ní bí oṣù kan kó tó bàjẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo. Mo ṣe ẹ̀dà méjì sí i kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo gbé ọ̀kan kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn pátápátá.

Ọjọ́ kejì

Mo fi Wine sí i, mo táìpù wine, ó dá mi lóhùn kíá pé wine32 ò sí, pé kí n lọ fi í sí i. Sims 2 jẹ́ géèmù 32-bit, Debian yìí sì jẹ́ 64-bit, torí náà ẹ ní láti sọ fún un pé kó gba àwọn nǹkan 32-bit náà láàyè, dpkg --add-architecture i386, lẹ́yìn náà apt update, lẹ́yìn náà wine32:i386. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n á fi Wine ti 32-bit sí i, wọ́n á gbàgbé dráífà káàdì ti 32-bit, géèmù á wá máa fà bí ìgbín tàbí kó má tiẹ̀ ṣí, wọ́n á ní Linux ò dáa. Ẹ rí i dájú pé libgl1-mesa-dri:i386 àti mesa-vulkan-drivers:i386 wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣe prefix kan, ìyẹn fódà tí Wine ń lò bí Windows, fún géèmù yìí nìkan, WINEPREFIX tiẹ̀ lọ́tọ̀, WINEARCH=win32, kí ohun tí mo bá ṣe níbẹ̀ má kan nǹkan mìíràn. Mo gbé fódà géèmù sínú drive_c, mo tẹ Sims2EP9.exe, fáìlì tó ń ṣí géèmù. Kò sọ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ bínú, ó kàn padà sí terminal, ibi tí mo ti ń táìpù àṣẹ.

Ọjọ́ kẹta

Ohun tó ń wá ni registry, ìwé tí Windows ń kọ ètò gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá íńsítọ́ọ̀lù Sims 2 lórí Windows, ó máa ń kọ ibi tí òun wà àti àwọn páàkì tó wà lára ẹ̀ sínú registry, tó bá ṣí tí kò rí i níbẹ̀, á jókòó bí àlejò tí kò mọ ojúlé. Mo lè kọ gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n páàkì pọ̀, àṣìṣe kan á sọ mí nù. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé registry Windows, fáìlì lásán ni, ó wà lórí dísíìkì àtijọ́ yẹn nínú Windows/System32/config, orúkọ ẹ̀ ni SOFTWARE, apá ibẹ̀ ò sì tíì bàjẹ́. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ reged, inú chntpw lẹ ti máa rí i, ó lè ka fáìlì yẹn láì sí Windows kankan. Mo fi yọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ EA GAMES jáde sí fáìlì .reg kan.

Mo tì í sínú Wine, síbẹ̀ pàbó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo alẹ́ lórí ẹ̀ kí n tó jókòó ka fáìlì náà ní ìlà-ìlà. Windows àtijọ́ yẹn jẹ́ 64-bit, ó ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá jẹ́ 32-bit sábẹ́ Wow6432Node, inú prefix win32 tèmi sì rèé, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà gbogbo ojú ọ̀nà inú ẹ̀ ń sọ Program Files (x86), tèmi sì jẹ́ Program Files lásán. Mo yọ Wow6432Node kúrò níbi gbogbo, mo yọ (x86) náà, wine regedit, mo tún tẹ ẹ́. Àwòrán Sims 2 yọ, díámọ́ńdì aláwọ̀ ewé yẹn, orin bẹ̀rẹ̀. Aago kan òru ni, mo rọra yí ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin

Ó ṣí lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ṣe é wò. 800x600, kò sí nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti yàn, gbogbo ilé rí bí ìgbà téèyàn ń wò láti inú gíláàsì tó ti bu, ojú àwọn Sim ò já gaara. Mo wo kiri, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo rí ò ju ọ̀kan lọ: lo DXVK, lo DXVK. DXVK náà ń ṣe ògbufọ̀, ṣùgbọ́n Vulkan ló ń yí DirectX sí, Wine fúnra ẹ̀ OpenGL ló máa ń lò, èdè àwòrán tí Linux gbọ́ sì ni méjèèjì. Nǹkan tó dáa gan-an ni lórí káàdì tuntun, ó tiẹ̀ ní ètò tó jẹ́ ti Sims 2 nìkan nínú, á sọ fún géèmù pé GeForce 7800 GTX ni káàdì tó wà níwájú ẹ̀, káàdì ayé àtijọ́ tí géèmù mọ̀ dáadáa, kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti DXVK 2.0 ni wọ́n ti ń béèrè Vulkan 1.3, HD 4400 yìí ò ní in. Mo padà sí 1.10.3, ó ṣí, Mesa, dráífà káàdì lórí Linux, ń kìlọ̀ fún mi nínú terminal pé Vulkan ti Haswell, ìyẹn ìran kẹrin Core i5 yìí, ò pé, òótọ́ ló sì ń sọ, torí gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ilé kan ó máa dì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìgbà tó ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta kò dìde mọ́. Mo yọ DXVK kúrò. Tí káàdì yín bá jẹ́ ti 2013 bí èyí, ẹ lo OpenGL tí Wine gbé wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú àtijọ́ wò ó.

Ohun tó wá ṣí mi lójú ni pé géèmù yìí máa ń kọ ìwé nípa ara ẹ̀. Nínú fódà ẹ̀ lábẹ́ Documents, Logs wà níbẹ̀, ẹ máa rí fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí config-log.txt. Gbogbo ohun tó rò nípa ẹ̀rọ yín ló wà nínú ẹ̀. Tèmi sọ pé Found: 0, Matched: 0, ìyẹn ni pé ó wá káàdì yìí nínú ìwé àwọn káàdì tó mọ̀, kò rí i, tẹ̀ ẹ́ bá sì sún sísàlẹ̀ díẹ̀, texture memory (mẹ́mórì fún àwòrán) 32MB. 32MB! Nínú ẹ̀rọ tó ní RAM 8GB. Kò mọ káàdì náà, torí náà ó ṣe bí ẹni pé tálákà paraku ni, ó ń fi ṣíbí tíì bu àwòrán sórí sikíríìnì.

Mo kọ́kọ́ rò pé Wine ni kò sọ iye mẹ́mórì fún un, mo fi VideoMemorySize sínú registry Wine, mo tún ṣí géèmù, mo ka log, 32MB náà ni. Ó dáa, kì í ṣe ẹ̀bi Wine nìyẹn, inú géèmù ló wà. Fáìlì méjì ló ń ṣètò ẹ̀, Video Cards.sgr àti Graphics Rules.sgr, nínú TSData/Res/Config ti páàkì tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wá a sí, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, ẹ lè fi nano ṣí wọn. Nínú èkíní mo fi káàdì wa kún àwọn ti Intel. Ẹ fara balẹ̀ níbí o: nọ́ńbà tí mo kọ síbẹ̀, inú config-log ni mo ti mú un, mi ò mú un látinú lspci, àṣẹ Linux tó ń sọ káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, torí ohun tí Wine sọ fún géèmù nípa káàdì ni géèmù mọ̀, ohun tí lspci sọ fún èmi ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nínú èkejì ẹ wá ìlà tó sọ pé seti textureMemory 32, ibẹ̀ ni géèmù máa ń sá sí tí gbogbo nǹkan bá rú u lójú, mo sọ ọ́ di 1024. Mo tún maxResWidth àti maxResHeight ṣe, 1366 àti 768.

Mo ṣí i, mo ka log kí n tó wo sikíríìnì pàápàá. Found: 1, Matched: 1. Nígbà tí mo wá gbójú sókè, mo rí koríko.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Mo ti tú zip ẹ̀ sínú Documents/EA Games láti ọjọ́ kẹta, ọkàn mi balẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ Pleasantview, ó wọ ilé Goth, ó dákẹ́. Mortimer wà láàyè. Alexander, ọmọ kékeré, ń ṣe iṣẹ́ iléèwé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe tèmi nìyí o. Àwọn tó ti kú ló wà níbí." Kò pariwo, kò sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀.

Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ti géèmù náà láì sí save. Ìlú tí géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fúnra ẹ̀ nìyẹn, bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, èyí túmọ̀ sí pé kò rí tiẹ̀ rárá. Mo ṣe ls nínú EA Games, fódà méjì ló jáde, mo wò wọ́n mo tún wò wọ́n, orúkọ kan náà ni lójú mi. Àbúrò mi ló rí i, ó na ìka sí sikíríìnì: ọ̀kan ń jẹ́ The Sims™ 2 Ultimate Collection, èkejì ń jẹ́ The Sims 2 Ultimate Collection. Àmì kékeré yẹn, ™. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé nígbà tí òun fẹ́ zip ẹ̀ lórí Windows 7, Windows kọ̀, ó ní àmì kan wà nínú orúkọ fódà tí òun ò lè zip, kó yí orúkọ ẹ̀ padà, òun bá yọ ọ́. Ohun tó tọ́ ló ṣe, òun ni kò jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ. Èmi ni ó yẹ kí n ti bi í bó ṣe ṣe zip náà kí n tó tú u.

Mo gbé fódà tuntun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ™ padà sínú orúkọ tiẹ̀, kọ́ọ̀pì ni mo ṣe látinú log kí àmì náà lè bá ara ẹ̀ mu. Mo pa Groups.cache àti Accessory.cache rẹ́, wọn ò ṣe nǹkan kan, géèmù máa ń tún wọn kọ fúnra ẹ̀. Nínú Neighborhoods, Pleasantview ni N001, Strangetown N002, Veronaville N003, mo wo bí N001 ṣe tóbi tó, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju èyí tí géèmù dá sílẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé òun ni. A jọ ṣí i. Nígbà tí ilé Goth gbéra, àwọn sàréè wà lẹ́yìn ilé ní ìlà, ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ń sáré jáde láti wọ bọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ń pè é lórúkọ.

Ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ

Ayọ̀ yẹn ò ju ìṣẹ́jú ogójì lọ. Ó ń gbá a lọ, ògiri kan di píǹkì, ó ń ṣẹ́jú píǹkì-àwọ̀-píǹkì-àwọ̀, lẹ́yìn náà irun ẹnì kan, lẹ́yìn náà ilẹ̀ gbogbo, lẹ́yìn náà géèmù kú. Gbogbo ẹni tó bá gbá Sims 2 lórí ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí mọ píǹkì yìí. Ibi tí àwòrán yẹ kó wà tí géèmù ò ti rí ààyè gbé e sí ni, á fi píǹkì bò ó.

Ètò 32-bit, tí wọn ò bá sọ fún un pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2GB ààyè mẹ́mórì ló máa ń dá ara ẹ̀ mọ́, kódà kí RAM 8GB ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fódà Downloads àbúrò mi nìkan, ìyẹn aṣọ, irun àti àga tó ti ń kó jọ, ti ju 2GB lọ. Àmì kan wà ní orí fáìlì exe tó ń sọ pé ètò yìí lè lo ààyè ńlá, objdump -x lẹ fi máa wò ó, tẹ́ ẹ bá rí large address aware, ó wà níbẹ̀. Nínú Sims2EP9.exe wa kò sí. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà exe náà, mo wá fi 4GB Patch ti NTCore yí àmì yẹn, Wine náà ni mo fi ṣí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Mo tún wò ó pẹ̀lú objdump, àmì ti wọlé.

Ọjọ́ keje ni mo fi dán an wò nìkan. Mo ṣí terminal sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú top nínú ẹ̀, àṣẹ tó ń fi iye mẹ́mórì tí ètò ń lò hàn, mo wọ ilé tó tóbi jù ní ìlú, mo wọ ibi ìtajà, mo padà sílé, mo yí káàmẹ́rà kiri, mo ń wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń gòkè. Ó kọjá 2GB, mo dúró de píǹkì, kò wá. Ó dé 2.6GB ó dúró síbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, géèmù ò kú. Lọ́jọ́ kejì àbúrò mi ṣe tiẹ̀ fún odindi ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni píǹkì kékeré kan yọ lára kápẹ́ẹ̀tì nígbà tó wọ ilé oníyàrá mẹ́wàá kan, ó jáde ó tún wọlé, ó lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Àwọn èyí tó kéré. Tó bá wà ní sikíríìnì kíkún tó tẹ Alt+Tab, ó máa ń kú, mo bá fi -w sẹ́yìn orúkọ exe kó máa ṣí nínú fèrèsé, wàhálà yẹn parí. Òjìji dúdú onígun mẹ́rin kan máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn Sim, mo pa òjìji nínú ètò géèmù, àbúrò mi ní òun ò nílò ẹ̀. Mo kọ script kékeré kan, tó bá tẹ àwòrán Sims lórí desktop, script yẹn á kọ́kọ́ fi rsync ṣe ẹ̀dà Neighborhoods sí dísíìkì mìíràn pẹ̀lú déètì ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà á ṣí géèmù. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, script yìí ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù tí mo bá rántí.

Ohun tó kù ni Body Shop, ètò tó bá géèmù náà wá fún ṣíṣe Sim àti aṣọ wọn. Ó ń ṣí, ó ń fi ojú Sim hàn, bí mo bá ti tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ tuntun ló máa kú, log ẹ̀ ò sì sọ nǹkan tó yé mi. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀ ná, pé ìran kẹjọ ti fẹ́ bí, òun ò sì fẹ́ kí n gba láàptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ òun lọ́sẹ̀ yìí.